Bí Áàpù Ṣe Wọ́gi Lé Baálé Oníkànga

Ibtisam ló ṣe áàpù tí àwọn ọmọ agboolé Oníkànga ní Ẹdẹ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Poli, ó ṣàkíyèsí pé ìkéde agboolé kì í dé etí gbogbo ènìyàn bó ṣe yẹ. Ẹni tó wà ní ìlú Ara kò ní gbọ́ pé wọ́n ti sún ìpàdé síwájú, àwọn ará Èkó á sì dé nígbà tí wọ́n ti ká ẹní. Ó bá jókòó sí yàrá ìyá rẹ̀, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí àgbàlá, ó ṣe áàpù náà. Àwọn àgbà kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tó lè fẹnu kan ẹ̀kọ òwúrọ̀ láì tíì ṣí i wò.

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ lè wọṣọ. Bí ènìyàn bá fi àmì ìràwọ̀ méjì ṣáájú ọ̀rọ̀, tó tún fi méjì tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà á dúdú, á ki, bí ẹni tó gbóhùn sókè. Àmì mìíràn á mú kó dàgẹ̀rẹ̀. Máàkìdáùn ni wọ́n ń pe irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe Ibtisam fúnra rẹ̀ ló ń wọṣọ fún ọ̀rọ̀. Láíbírì kan ló ń ṣe é, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó ń ṣe áàpù á kàn mú wọlé, á wá sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe fún un. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gba aránṣọ sílé. Aránṣọ mọ aṣọ rán o, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ irú ọrùn tí o fẹ́.

Ẹni tó ṣe láíbírì tí Ibtisam kọ́kọ́ ń lò pa á tì. Ó kọ ọ́ sójú ewé rẹ̀ pé òun ti gbájú mọ́ nǹkan mìíràn, kí ẹni tó bá ń lò ó máa wá ibòmíràn lọ. Ibtisam wá òmíràn. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ó mú un wọlé, ó dán an wò, ó rí i pé ìràwọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì fi ẹ̀dà tuntun áàpù náà ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ilé. Kò ka ibi tí láíbírì tuntun náà ti sọ pé, bí wọn kò bá dá òun lẹ́kun, gbogbo aṣọ tí òun mọ̀ ọ́n rán pátá ni òun yóò rán.

Baálé agboolé náà ni Alhaji Sàídì, ẹ̀gbọ́n baba Ibtisam. Kó tó jẹ Baálé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ orúkọ sára mọ́tò àti sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo orúkọ tó bá kọ, á ya ìlà kékeré oníkọ́lọkọ̀lọ kan sọ́tùn-ún, á ya òmíràn sósì. "Orúkọ tí kò ní nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìhòòhò ló wà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ra fóònù fún un, ó wá ìlà náà títí ó fi rí i láàárín àwọn àmì. Nítorí pé ó lawọ́, méjì-méjì ló ń fi sí i. Báyìí ni gbogbo ìkéde rẹ̀ ṣe ń parí:

~~Alhaji Sàídì, Baálé~~

Ní èdè máàkìdáùn, ìlà oníkọ́lọkọ̀lọ méjì níwájú àti méjì lẹ́yìn túmọ̀ sí pé kí wọ́n wọ́gi lé ohun tó wà láàárín. Láíbírì àtijọ́ kò mọ aṣọ yẹn rán. Tuntun mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Alhaji Sàídì kéde pé ìpàdé máa wà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Àsàrì. Ìkéde náà dé orí fóònù gbogbo ènìyàn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dábùú orúkọ Baálé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun nìkan ni kò rí i. Àwòrán ọmọ-ọmọ ti kún fóònù rẹ̀ débi pé kò sí àyè fún ẹ̀dà tuntun, nítorí náà ti àtijọ́ ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwáwù, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wọlé, ó dúró, kò gbé e kalẹ̀.

"Alhaji," ó ní, "ṣé ẹ ṣì máa jẹun?"

"Kí ló máa ṣe mí tí n kò fi ní jẹun?"

"Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Nígbà tí Alhaji jẹ ẹ́ tán, Àwáwù wo abọ́ òfìfo náà bí ẹni tó rí ohun tí kò retí.

Bó ṣe jáde, Salman, tó ń tún táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti pẹ́ tí ọmọkùnrin náà ti ń tẹrí ba nìkan.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ìrọ́jú kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀ náà ni, sà."

Títí ọjọ́ Àìkú fi pé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí i. Ẹnìkan gbé omi tútù fún un láìjẹ́ pé ó béèrè. Ẹlòmíràn dì í lọ́wọ́ mú gba ojú ọ̀nà tó ti ń gbà kọjá láti kékeré.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó bá gbogbo ènìyàn ní àgbàlá. Àga rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà, ṣùgbọ́n fìlà kan wà lórí rẹ̀. Alhaji Teslim ló ni ín, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ tẹ̀lé ti Baálé nínú ilé. Alhaji Teslim kò jókòó sórí àga náà. Ojú ṣì ń tì í. Fìlà rẹ̀ nìkan ló rán lọ ṣáájú.

Tíṣà Bámidélé, akọ̀wé agboolé, dìde. Ọmọ ilé náà tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni, ó sì ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn máa ń rò pé ó ti wà nínú ìwé kan níbì kan.

"Alhaji, ẹ má bínú," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yìí kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa wá. Ṣùgbọ́n mo kọ́ni títí irun mi fi funfun. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọ́gi lé, a kì í máàkì í. Ì báà jẹ́ òun gan-an ni ìdáhùn tó tọ̀nà, a kì í máàkì í. Fífò là ń fò ó."

"Èmi lẹ fẹ́ fò?"

"A kò fẹ́, sà. Ṣùgbọ́n a ti rí igi."

Alhaji Sàídì fa fóònù rẹ̀ yọ. "Ẹ wá wò ó. Orúkọ mi nìyí. Níbo ni igi wà?"

Wọ́n wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji Teslim fọwọ́ kàn án léjìká pẹ̀lú ìkẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹni tọ́rọ̀ kàn ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ibtisam. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ṣàlàyé ohun gbogbo: láíbírì àtijọ́, láíbírì tuntun, ìlà oníkọ́lọkọ̀lọ méjì-méjì. Ó ní òun ni òun kò dá a lẹ́kun. Ó ní ẹ̀rọ kò tilẹ̀ mọ Bàbá, àmì lásán ló rí.

Sìmbíátù, ìyálé àgbà tí gbogbo obìnrin ilé ń gbọ́ tirẹ̀, mi orí.

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Bó bá jẹ́ ènìyàn ló wọ́gi lé wọn, a ó ní ó ń jowú ni. Ẹ̀rọ kò bá wọn ṣọ̀tá. Ẹ̀rọ kò bá wọn pín ogún. Tó bá wá wo gbogbo wa, tó sì jẹ́ àwọn nìkan ló wọ́gi lé, ó ní ohun tó rí."

Gbogbo àgbàlá ní òótọ́ ni.

Tíṣà Bámidélé ní ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Òun ti wo àwọn ìkéde àtijọ́, igi wà lórí orúkọ Alhaji níbi gbogbo, láti ọjọ́ tí áàpù ti wà. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìsinsìnyí ni wọ́n wọ́gi lé e. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, a kò mọ̀ ni.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Fàtímọ̀ jókòó sí, ó ń fún ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́yàn. Ó gbé orí sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní. "Alhaji ló sọ ọmọ mi lórúkọ. Ṣé ó ṣì ń jẹ́ ẹ?"

Tíṣà Bámidélé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni, kí wọ́n fún òun láyè kí òun lọ rò ó. Láti ọjọ́ náà, Qúdrát kò jẹ́ Qúdrát mọ́. "Ọmọ Fàtímọ̀" ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n má baà ṣi orúkọ lò.

Alhaji Sàídì kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó wo àga, ó wo fìlà orí rẹ̀, ó ní, "Ó dáa," ó sì wọlé lọ. Kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ kejì, ó ti gun ọ̀kadà lọ sí Ara, níbi tó ní oko àti ilé kékeré kan sí.

Ibtisam kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ṣí iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ síbi tí ènìyàn ti ń sọ ohun tí láíbírì náà kò gbọdọ̀ ṣe fún un, ó sì rí i pé ohun tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà kò ju ìlà kan lọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí láíbírì náà má wọ́gi lé ohunkóhun. Ó dán an wò lórí fóònù ara rẹ̀. Orúkọ Alhaji jáde mọ́ tónítóní, ìlà oníkọ́lọkọ̀lọ rẹ̀ sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ó rò ó pé kí òun tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé, ó yẹ kí òun fi han Bàbá fúnra wọn. Ó gun ọ̀kadà, ó di Ara.

Ó ti múra sílẹ̀ láti tù ú nínú. Ṣùgbọ́n ó bá a níwájú ilé, pákó gígùn kan wà níwájú rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, ọ̀dà pupa ti dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Orúkọ ilé ìlọgbàdo kan ló ń kọ. Onígàárì kan àti ọlọ́kadà kan jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń dúró de ti wọn.

"Bàbá, mo ti tún un ṣe," ni Ibtisam wí lẹ́yìn tó kí i tán. Ó na fóònù sí i. "Tí mo bá ti tẹ ibí yìí, igi á kúrò lórí orúkọ yín lọ́dọ̀ gbogbo wọn."

Alhaji ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Àṣìṣe mi ni."

"Jókòó."

Ó jókòó sórí òkúta kan.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí jẹ Baálé," ni Alhaji Sàídì wí, "n kò fi ẹnu kan iṣu gbígbóná. Bí wọ́n bá ti gbé e ka iwájú mi, ẹnìkan á kanlẹ̀kùn. Ewúrẹ́ lágbájá ti jẹ ẹ̀gẹ́ tàmẹ̀dò. Ìyàwó lágbájá ti bú ìyá tàmẹ̀dò. Nígbà tí mo bá fi máa parí rẹ̀, iṣu ti le bí pákó. Lánàá, mo jẹ iṣu gbígbóná níbí. Ó jó mi lẹ́nu." Ó la ẹnu, ó fi ibi tó jó hàn án, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun hàn. "Má tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, àṣìṣe ni o."

"Ṣé mo ní kì í ṣe àṣìṣe ni? Òjò náà máa ń ṣèèṣì rọ̀ sóko ọ̀lẹ. Fi í sílẹ̀ ná, ọmọ mi."

Ibtisam padà sí Ẹdẹ láì tẹ ohunkóhun. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ mọ ibi tí àbùkù wà kó sì gbójú fò ó, ṣùgbọ́n ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ sí baba rẹ̀ lẹ́nu?

Alhaji Teslim ti gbé fìlà kúrò lórí àga lákòókò yìí, ó sì ti fi ìdí ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti wọ́gi lé Baálé láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo ẹni tó ti dá lẹ́bi rí gbà pé òun kò jẹ̀bi mọ́. Fèrèsé yàrá Salman, ọlọ́kẹ̀kẹ́ yẹn, kọjú sí ẹ̀yìnkùlé Zulfah, níbi tí obìnrin náà ti ń wẹ ọmọ. Alhaji Sàídì ti dá ẹjọ́ náà nígbà kan pé kí Salman kan pákó bo ìsàlẹ̀ fèrèsé, kó jẹ́ ojú ọ̀run nìkan ni yóò máa rí. Salman yọ pákó náà. Zulfah bá to búlọ́ọ̀kù bo gbogbo fèrèsé, ó ní ojú ọ̀run náà, Salman kò ní í rí i mọ́. Àárọ̀ kùtù ni àwọn méjèèjì máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà Alhaji Teslim, àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn jọ ti wọn á sì tò lẹ́yìn wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Alhaji Teslim gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ Ibtisam. Ó ti rù.

"Mo kàn ní kí n yà kí ọ," ó ní. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti òkèèrè. "Ẹ̀rọ yìí... kí ló máa ń wò lára ènìyàn kó tó wọ́gi lé e?"

"Kì í wo nǹkankan, sà. Ìlà oníkọ́lọkọ̀lọ méjì níwájú, méjì lẹ́yìn."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, sà."

"Kò ní í wádìí?"

"Kò ní í wádìí, sà."

Ó dúpẹ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkéde kan jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ, igi sì dábùú rẹ̀.

Ó wá kan Tíṣà Bámidélé láti máa dá ẹjọ́. Ó ní òun ní tòun kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn kì í sá fún iṣẹ́. Ó fara dà á títí Zulfah fi gbé búlọ́ọ̀kù kan wá sí pálọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló wọ́gi lé ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi fúnra mi ni mo ṣe é." Sìmbíátù tẹ̀lé e, ó ní bí ó bá jẹ́ nítorí àárẹ̀ ni, òun ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́gi lé. Lẹ́yìn náà ni ó wá di ti gbogbo ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí gbígbá àgbàlá kàn wọ́gi lé ara wọn. Ọkùnrin kan tí àna rẹ̀ fẹ́ wá kí i wọ́gi lé ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí áàpù náà, bí oko tí wọ́n ti fi àdá bẹ́ lulẹ̀ ni yóò rí i.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Salman ti ọwọ́ bọ àárín búlọ́ọ̀kù, ó ti ọ̀kan wó. Zulfah gbé omi ìfọṣọ, ó dà á gba ihò náà sórí bẹ́ẹ̀dì Salman. Ariwo sọ. Àwọn ènìyàn sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà Alhaji Teslim, wọ́n ní kó wá là wọ́n.

"Wọ́n ti wọ́gi lé mi," ni Alhaji Teslim fọhùn láti inú ilé.

Wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ Tíṣà Bámidélé. Kò ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹ fò mí," ó ní.

Wọ́n bá Sìmbíátù lórí ẹní, ó ti fi ìborùn bo ojú. "Èmi kò sí níbí," ó ní, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Fàtímọ̀ ló wá kanlẹ̀kùn Ibtisam, ọmọ rẹ̀ tí kò lórúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ lo ṣe áàpù," ó ní. "Wá parí ìjà."

Ibtisam sáré jáde, ó gbàgbé pé òun gbé kọ̀ǹpútà dání. Bí Zulfah ṣe rí i, ó sọ igbá omi sílẹ̀, ó sá sẹ́yìn ìkòkò. Salman yọ ọwọ́ kúrò nínú ihò, ó ká a mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́gi lé mi," ni Zulfah wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo ní àwọn ọmọ." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Zulfah jẹ́, ṣùgbọ́n "ẹ" ló fi bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ba Ibtisam ju bó ṣe ba àwọn méjèèjì lọ. Kò tíì rí ẹni tí jìnnìjìnnì rẹ̀ bò rí láyé rẹ̀, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ní kí gbogbo ilé pé sí àgbàlá lẹ́yìn Àsàrì, ó sì ní kí Salman gbé kẹ̀kẹ́ lọ mú Alhaji Sàídì wá láti Ara.

Ó pẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá ẹni tí wọ́n ti wọ́gi lé lè wá sí ìpàdé. Tíṣà Bámidélé ló parí rẹ̀: wọ́n lè wá, ṣùgbọ́n a kò ní kà wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá ka àwọn tó kù, yàtọ̀ sí Ibtisam àti àwọn méjì tó jà, ó jẹ́ Fàtímọ̀ àti ìyá Ibtisam, tí kò ní fóònù.

Ibtisam kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi," ó ní, "ohun tí mo bá sọ fún láíbírì yìí ló máa ṣe. Mo lè ní kó má wọ́gi lé ẹnikẹ́ni mọ́. Mo lè ní kó ya òdòdó síbẹ̀ dípò igi. Kò ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ kí igi yẹn túmọ̀ sí?"

Láti ìgbà tí igi ti jáde, wọ́n ti ń béèrè ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kó túmọ̀ sí. Ẹnìkan ní ẹ̀tẹ́ ni. Ẹlòmíràn ní ó jọ ikú. Alhaji Sàídì, tí ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, wúkọ́.

"Ìsinmi ni," ó ní. "Mo ti wà nínú rẹ̀, mo mọ bó ṣe rí. Àwọn ènìyàn kò bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ó sì jẹun yín nígbà tó ṣì gbóná."

"Òótọ́ ni," ni Alhaji Teslim wí kíákíá, kó tó rántí pé wọn kò kà á.

Wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé ìsinmi ni igi náà, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oṣù kan-kan ni yóò sì máa jẹ́. Ẹni tó bá wà lábẹ́ igi, kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́, kò gbọdọ̀ gbàlejò, kò sì gbọdọ̀ tọrọ àforíjì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn pé ta ni yóò ṣíwájú. Alhaji Sàídì ti ń dìde.

"Ẹ jókòó, Alhaji," ni Sìmbíátù wí. "Ẹ̀yin, ipò lẹ rí kó tó rẹ̀ yín. Èmi, wọ́n fẹ́ mi wọ ilé yìí ni, n kò sì tíì jókòó láti ọjọ́ náà."

Kò sí ọkùnrin tó gbójú sókè. Alhaji Sàídì jókòó.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Láíbírì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ́gi, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó kàn. Ibtisam ní láti kọ apá kan fúnra rẹ̀, tí yóò máa wo orúkọ kó tó fún láíbírì láyè láti wọ́gi lé e. Nígbà tó há sí ibì kan, ó kọ̀wé sí ẹni tó ṣe láíbírì náà. Ẹni náà béèrè pé kí ló dé tó fẹ́ kí igi máa wà fún ẹnìkan ṣoṣo. Ibtisam ṣàlàyé. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí ó tó fèsì. Ó ràn án lọ́wọ́, ó sì béèrè ní ìparí bóyá ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilé yẹn kó tó lè wà lórí ètò náà.

Alhaji Sàídì padà sórí àga. Ẹjọ́ fèrèsé ló kọ́kọ́ dá. Ó ní kí Zulfah wó búlọ́ọ̀kù, kí Salman kan pákó rẹ̀ padà, kó máa wo ojú ọ̀run. Gbogbo rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu láìyẹ̀. Àwọn méjèèjì dúpẹ́, wọ́n ní ìdájọ́ tuntun yìí ló dára jù. Tíṣà Bámidélé sì kéde pé òun ti rò ó tán: Qúdrát tún ti ń jẹ́ Qúdrát. Fàtímọ̀ ní ọmọ náà kì í dáhùn mọ́ bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa mọ́ ọn lára.

Sìmbíátù kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú Awo, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é. Nígbà tí oṣù rẹ̀ ku díẹ̀ kó parí, òun fúnra rẹ̀ ló pe Ibtisam. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó lọ́ra, ó sì tutù.

"Ṣé dáadáa ni, Mámà?"

"Dáadáa ni. Mò ń sanra." Ibtisam ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ń sọ nǹkan sí i létí. "Àwọn ará ilé àbúrò mi ti gbọ́ nípa áàpù rẹ. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n bi ọ́ léèrè, ṣé ó lè wọ́gi lé àwọn àna?"

Ibtisam ronú sí i. Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ ní kí wọ́n fún mi láyè, Mámà," ó ní, "kí n wò ó."